Ọmọ Tó Ń Kọ́ Ẹ̀kọ́ Àṣà ní Yunifásítì: Iṣẹ́ Rẹ̀ Gbọ́dọ̀ Padà Sílé

Bí ọmọ Ọ̀fà kan bá sọ pé òfin tàbí ìṣègùn ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, inú gbogbo ẹbí a dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní áńtírópọ́lọ́jì ni òun yàn, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn, ìgbé ayé rẹ̀ àti àṣà rẹ̀, ìbéèrè kan ni baba rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi í: "Kí ni ìwọ yóò fi í ṣe? Ṣé àṣà tí a bí ọ bá nílé ni ìwọ yóò tún sanwó lọ kọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ó yẹ kí a dá baba lóhùn.

Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ pé ìjàkadì ni orò Ọ̀fà. Ọmọ Ọ̀fà ti gbọ́ ọ kí ó tó mọ ìwé í kà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé kí ló dé tí a fi pe ìjàkadì ní orò, tí a kò pè é ní eré lásán. Ta ni ó yẹ kó jà, ta ni kò yẹ. Ṣé bí agboolé kan ti ń pìtàn rẹ̀ ni agboolé kejì náà ń pa á, yóò dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀tọ̀ ni kí a bá àṣà nílé, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ìdí rẹ̀. Ìdí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ń wá.

Ìlànà rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá. Láti ìgbà tí Bronislaw Malinowski ti lọ gbé láàrin àwọn ará erékùṣù Trobriand, láàrin 1915 sí 1918, ni àwọn onímọ̀ ti gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ àṣà ìlú kan gbọ́dọ̀ bá wọn gbé, kí ó sì gbọ́ èdè wọn. Ní Òkukù, tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, Karin Barber, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ó kọ́ Yorùbá, ó jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ki oríkì, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1991. Àlejò mọ̀ pé òun kò mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi béèrè. Ọmọ onílé rò pé òun mọ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Òótọ́ ni pé àwọn àgbà mìíràn kì í fẹ́ràn ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. Ìfura wọn ní ìdí. Ní 1909, ìjọba amúnisìn rán Northcote Thomas lọ sí ilẹ̀ Ẹ̀dó, lẹ́yìn náà sí ilẹ̀ Ìgbò, kí ìmọ̀ àṣà lè ran ìjọba náà lọ́wọ́. Ó ya àwòrán, ó sì gba ohùn àwọn ènìyàn sínú ẹ̀rọ. Lọ́ńdọ̀nù ni a kó ohùn náà pamọ́ sí. Ó ju 100 ọdún lọ kí àwọn onímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀dà wọn padà fún àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀, láti 2018.

Ọmọ Yorùbá pàápàá ti jìyà irú rẹ̀. N. A. Fadipe gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá lórí ẹbí, ìgbéyàwó, ilẹ̀ àti ìjọba Yorùbá. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni Ìbàdàn tó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Ẹni tó kọ ọ́ kò fojú kàn án; ọ̀pọ̀ àgbà tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ wọn kò sì rí i kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Lónìí, a ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ìdí láti kọjá òkun mọ́. Ohun tó kù ni àdéhùn láàrin òun àti ilé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀ kí ó tó béèrè. Kí ó gba àṣẹ kí ó tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kí ó má ṣe fi ìtàn agboolé kan ṣoṣo ṣe ìtàn gbogbo ìlú. Bí wọ́n bá ní awo ni ohun kan, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn àgbà náà má ṣe sọ gbogbo nǹkan di awo, nítorí ohun tí a kò sọ fún ọmọ, inú ilẹ̀ ni ó ń bá ni lọ. Kí àwọn olùkọ́ rán ọmọ ilé ìwé lọ béèrè oríkì agboolé wọn nígbà ìsinmi, kí àṣà ìbéèrè lè mọ́ wọn lára kí wọ́n tó dé yunifásítì.

Ní ìparí, kí ẹ̀dà iṣẹ́ náà padà sí Ọ̀fà: ọ̀kan sí ààfin Ọlọ́fà, ọ̀kan sí ilé ìwé, kí a sì ka ọ̀kan sí etí ẹni tó sọ ìtàn náà nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Ọjọ́ tí ọmọ bá jókòó níwájú baba tó ń kà á, tí baba sì ń tún un ṣe níbi tó ti ṣìnà, baba kò tún ní béèrè ohun tí yóò fi ẹ̀kọ́ náà ṣe.