Mẹ́rìndín: Ohun Tí Orúkọ 65,536 Ń Sọ



Ó ti wọ́pọ̀ láàrin wa kí a máa sọ pé Ifá ló bí kọ̀ǹpútà, 65,536 sì ni iye tí a sábà máa ń fi gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni pé ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kó dojú dé; ibẹ̀ ni Odù 256 ti wá. Bí a bá dá a lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, 256 lọ́nà 256 yóò fún wa ní 65,536. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí a bá ti ń yan ọ̀kan nínú méjì lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni iye yìí ti ń jáde, ìbáà jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ nínú owó ẹyọ tí ọmọdé ń jù sókè. Ìfọ́nnu yẹn kò kún wa lójú tó, ó sì ń bo ohun tó jẹ́ tiwa gan-an mọ́lẹ̀.

Ẹ pe àwọn iye náà bí àwọn àgbà ṣe ń pè wọ́n. 16 ni ẹẹ́rìndínlógún. 256 ni igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. 4,096 parí sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. 65,536 ni ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti mẹ́rìndínlógójì. Ẹ gbọ́ bí mẹ́rìndín ṣe ń padà wá. Kò ní yẹ̀ láéláé, bó ti wù kí a fi 16 sọ ọ́ di púpọ̀ tó.

Ìdí rẹ̀ ni pé ogún tó dín mẹ́rin ni 16. Bí a bá fi iye méjì irú èyí sọ ara wọn di púpọ̀, ogún-ogún ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, àfi mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin tó ṣẹ́kù. 16 sì ni ìyẹn, ogún tó tún dín mẹ́rin! Ẹni tó ń kà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá yóò rí i pé 6 ló máa ń gbẹ̀yìn. Pé ogún ni iye náà ń rọ̀ mọ́, òǹkà wa ló fi í sí ẹnu. (Bí ẹ bá fi ookan lé 65,536, iye tó bá jáde kò ṣeé pín dọ́gba fún ohunkóhun àfi ookan àti ara rẹ̀. Èyí wu èmi púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni tirẹ̀.)

Nítorí náà ni mo ṣe ń tako àbá pé kí a pa òǹkà ogún tì nínú àwọn kíláàsì wa nítorí pé ó le. Mo gbà pé ó le. Kí àwọn ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì ka owó lọ́jà, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ awo tó ń kọ́ Odù, tí kò lè pe 256, kò tíì gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń sọ. Ẹ fún wọn ní 1,048,576, tí í ṣe 65,536 lọ́nà 16, kí wọ́n pè é: ọ̀kẹ́ méjìléláàádọ́ta, ẹgbàárin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.