Orí Tí Ń Ta Bí Ata Nígbà Ìdánwò

Ní oṣù keje ọdún 2020, obìnrin kan wá bá mi láti Ihunbo, lọ́nà Ìdí-Ìrókò, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń múra ìdánwò WAEC. Bí ọmọ náà bá ti ṣí ìwé, orí rẹ̀ a máa ta á bí ẹni pé wọ́n da ata sí i, nǹkan a sì máa rìn níbẹ̀ bí ìjàlọ. Ojú rẹ̀ a ṣú, omi a máa bọ́ níbẹ̀, ohun tí ó sì ti kà lẹ́ẹ̀mẹta kò ní wọlé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, inú a máa run ún. Wọ́n ti fún un ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n lọ wádìí ẹni tí ó di orí ọmọ. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, kí ó fi ìwé sílẹ̀ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

“Ìyá, ẹ gbà mí,” ni obìnrin náà wí. “Òun nìkan ni gbogbo wa gbójú lé.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn pamọ́, n óò padà sórí rẹ̀.

Ọmọ náà kò purọ́. Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta tiwa níhìn-ín, dókítà ará Kánádà kan tí ń jẹ́ Raymond Prince ṣe àkíyèsí irú nǹkan yìí gan-an lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó sì gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1960. Orí tí ń gbóná, orí tí nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú tí ń ṣú, ìwé tí kò wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é ní brain fag, èyí ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà sì ti ní orúkọ tiwọn tẹ́lẹ̀ fún ohun tí ó jọ ọ́: ọdẹ orí.

Àwọn kan wá sọ pé àìsàn adúláwọ̀ ni, pé ìwé òyìnbó ló wúwo jù fún orí wa. Inú mi kì í dùn sí èrò yẹn, òtítọ́ kò sì sí nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ tiwọn tí iṣẹ́ ọpọlọ dá lágara. Ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1994 gẹ́gẹ́ bí àìsàn tí ó so mọ́ àṣà ẹ̀yà kan. Nínú ti ọdún 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́.

Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara kò mọ̀ bóyá ejò ni tàbí ìdánwò. Èròjà kan a tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà a máa lù kìkì, èémí a yá, iṣan ọrùn àti ti agbárí a le, ẹ̀jẹ̀ a sì fi ikùn sílẹ̀ lọ sí apá àti ẹsẹ̀ kí a lè sá. Bí ejò bá ti lọ, ara a rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dojú kọ ìwé fún oṣù mẹ́ta kò ní ibi tí yóò sá sí. Iṣan tí ó le títí ni í di orí fífọ́, ikùn tí a gbàgbé ni í di inú rírun, èémí tí ó yá jù a sì máa mú kí ìka ọwọ́ àti ètè jó fìrìfìrì.

Mo bi ọmọ náà bí ó ṣe ń sùn. Obì ni ó ń jẹ láti alẹ́ títí di aago méjì òru, pẹ̀lú kọfí. Aago márùn-ún ni ó ń jí láti pọn omi. Oorun wákàtí mẹ́ta, nígbà tí ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ nílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá! Ní ọdún 1980, Ọ̀mọ̀wé Olúfẹ́mi Morákinyọ̀ ti kọ ọ́ pé àìsùn àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ láti lé oorun wà lára ohun tí ń fa ìṣòro yìí.

Ṣùgbọ́n obì kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọjà ẹnu ibodè ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ibodè. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún ní kí a má gbé epo bẹntiróò lọ sí ilé epo tí kò tó ogún kìlómítà sí ibodè. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa, ìdánwò oṣù kẹrin sì di ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ. Ẹnu ibodè Ìdí-Ìrókò kò tilẹ̀ ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Nínú gbogbo èyí, ojoojúmọ́ ni ìyá ń sọ fún ọmọ yìí pé òun nìkan ni ìrètí ilé. Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Nígbà tí ó ku èmi àti ọmọ náà, ó wò mí lójú, ó ní, “Màmá, bí mo bá fìdí rẹmi, kí ni a ó jẹ?”

Ìkòkò tí ó wà lórí ọmọ náà nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ojú rẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni ti ìrònú. Kò sí ibà, ojú sì mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni a dín obì kù, nítorí bí a bá dá a dúró lójijì, orí lè túbọ̀ fọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ di àkókò oorun. Bí ó bá kàwé fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ó dìde rìn. Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí ta, kí ó fi iye mẹ́rin fa èémí sínú, kí ó fi iye mẹ́fà tú u jáde. Omi pípọn bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ọwọ́ rẹ̀ kò kúkú kán. Ní ti bàbá, mo rán an létí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹnu ìyá ni ó ṣòro jù. Mo ní kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Bí o yege, bí o kò yege, ọmọ mi ni ọ́.” Ó dákẹ́ títí. Ó ní, “Bí ó bá wá dẹra nù ńkọ́?” Ẹ̀rù yẹn yé mi, èmi náà tọ́mọ. Mo sọ ìtàn Dókítà Adéoyè Lambo fún un, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní ọdún 1954, tí ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé ìtòsí, tí ìbátan sì ń bá olúkúlùkù wọn wá láti tọ́jú rẹ̀. Mo ní kí òun náà gbé ẹ̀wà tí yóò ṣà jókòó ti ọmọ nígbà tí ó bá ń kàwé, kí ó má sì bi í ní ohun tí ó kà.

Àmọ́ ṣá o, bí orí fífọ́ bá ń jí ọmọ lójú oorun, bí èébì, gìrì, ọrùn líle tàbí ara gbígbóná bá bá a wá, ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bí ọmọ bá sọ pé ó sàn kí òun kú. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Orí náà kò dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ ìṣirò, ìjàlọ yẹn tún dé. Ó gbé kálàmù sílẹ̀, ó mí, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó yege nínú iṣẹ́ mẹ́fà, ìṣirò kò sí lára wọn. Ìyá rẹ̀ ni ó fún mi ní ìròyìn náà, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Ọmọ náà tún ìṣirò ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ó ní orí òun ta díẹ̀.