Aboyún tó ń tọ́jú aláìsàn, ta ló ń tọ́jú òun náà?

Àdúrà kì í wọ́n aboyún nílẹ̀ Yorùbá. Bó bá ń kọjá lọ́jà Odò-Ọ̀rì ní Ìwó, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá á máa wí pé, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Òun náà á ní àṣẹ. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọsibítù aládàáni ni aboyún yìí ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè tèmi ni pé, lẹ́yìn àdúrà ńkọ́? Ta ni yóò bá a gbé aláìsàn tó wúwo lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ òní?

Àwọn tí mò ń sọ ni nọ́ọ̀sì, àwọn tí a ń pè ní ọ́sílíárì, àwọn tó ń nu wọ́ọ̀dù, àtàwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé onílé. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ àjókòó. Wọ́n ń gbé èèyàn, wọ́n ń yí i padà, wọ́n sì ń dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún aláìsàn lè gún wọn. Ìtànṣán ẹ̀rọ X-ray lè pa ọmọ inú lára. Àrùn rubella ńkọ́? Ara ìyá lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó lè ba ojú, etí tàbí ọkàn ọmọ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin sọ. Ọdún 1974, láyé ológun, ni wọ́n ṣe òfin iṣẹ́ tí à ń lò ní Nàìjíríà. Abala 54 rẹ̀ sọ pé bí dókítà bá ti kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kí obìnrin bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi. Wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tó bímọ. Bó bá ti lo oṣù 6 níbi iṣẹ́ náà, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ tọ́ sí i. Tó bá wọlé padà, ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́yàn. Ọ̀gá ò sì gbọdọ̀ já ìwé gbélé-ẹ fún un nígbà tó wà nínú ìsinmi yẹn.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Ìsinmi, owó àti ọmú ni abala yìí ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa gbogbo oṣù tí obìnrin fi ń gbé oyún ṣiṣẹ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ẹrù wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 55, tó ní kí wọ́n má fi obìnrin síṣẹ́ alẹ́ ní iléeṣẹ́, yọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo mọ ìdí ẹ̀, àìsàn kì í wo aago. Síbẹ̀ ó yẹ kí òfin náà rántí nọ́ọ̀sì tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó ń tọ́jú ìyá àgbà nínú ilé tún wá ńkọ́? Iléeṣẹ́, ilé òwò àti oko ni abala 54 dárúkọ. Ilé ìyá àgbà kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 16, owó oṣù rẹ̀ á sì pé. Ní ti ọmọ ọsibítù aládàáni, ọ̀sẹ̀ 12 àti ìdajì owó ni òfin fi dá a lójú. Ká ní 50,000 náírà ló ń gbà, 25,000 ló kù nígbà tí ìnáwó ọmọ dé. Ẹ má sì sọ pé owó oṣù tó kéré jù lọ ti di 70,000 láti ọdún 2024. Òfin yẹn ò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25. Mélòó nínú àwọn ọsibítù àdúgbò yín ló ní òṣìṣẹ́ 25?

Mo mọ̀ pé àwọn tó ni ọsibítù náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré, bí ọ̀kan bá lọ bímọ, á san owó fún un, á tún san fún ẹni tó gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fọgbọ́n lé aboyún lọ kí ọjọ́ tó pé. N kò gbà pé ó dáa, àmọ́ mo rí ibi tó ti wá. Ní ìlú Ọba, ìjọba ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìbímọ tí òfin là sílẹ̀ padà fún agbanisíṣẹ́. Níbí, òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ fún àjọ NSITF nítorí ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́. A lè ṣe irú àpò bẹ́ẹ̀ fún ìbímọ, kí gbogbo agbanisíṣẹ́ jọ gbé ẹrù náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ máa jápa lọ ṣe iṣẹ́ kéà, ẹ gbọ́ èyí. Lóòótọ́, òfin ìlú Ọba ní kí ọ̀gá ṣàyẹ̀wò ewu tó wà nínú iṣẹ́ aboyún, kó yí iṣẹ́ náà padà, tàbí kó dá a sinmi pẹ̀lú owó bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ìsinmi ìbímọ ibẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ 52. Ṣùgbọ́n ẹni tí fíísà rẹ̀ so mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo máa ń bẹ̀rù láti fọhùn, torí bí iṣẹ́ bá bọ́, fíísà náà lè bọ́. Láti oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn gbígba òṣìṣẹ́ kéà tuntun láti òkè òkun. Ìwó, Ìbàdàn àti Òṣogbo ni ọ̀pọ̀ yín á ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé ni ká tún ṣe.

Ó ṣeé ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n lé ọlọ́pàábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìyè-Èkìtì, torí pé ó lóyún láì tíì lọ́kọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ilé-ẹjọ́ ní ìlànà tí wọ́n fi lé e ta ko ìwé òfin Nàìjíríà, wọ́n sì ní kí wọ́n san 5,000,000 náírà fún un. Ilé-ẹjọ́ yìí kan náà wà ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí Ìwó.

Ẹjọ́ ò sì ṣeé ṣe láìsí ẹ̀rí. Bí wọ́n bá gbà ẹ́ síṣẹ́, béèrè ìwé. Abala 7 òfin iṣẹ́ fún ọ̀gá ní oṣù mẹ́ta péré láti kọ àdéhùn fún òṣìṣẹ́. Bó o bá lóyún, gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí WhatsApp, má sì pa á rẹ́.

Ní ti ìjọba, Abuja nìkan ló lè tún òfin iṣẹ́ ṣe, torí náà aṣojú Ayédíré, Ìwó àti Ọlá-Olúwa ni ká lọ bá. Àmọ́ ètò ìlera ò sí lọ́wọ́ Abuja nìkan. Ìjọba Ọ̀ṣun lè sọ ọ́ di dandan pé ọsibítù tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ fi ìlànà tó ní fún òṣìṣẹ́ tó lóyún hàn: ta ló ń gbé aláìsàn, ta ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́, èló ni wọ́n ń san. Èyí ò ní kí wọ́n kọ́ ilé tuntun kan. Ìbò ọdún 2027 ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè yìí kó tó pín ìrẹsì.