Ẹ Kọjú Kámẹ́rà sí Tíṣà

Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì, ní Ifákọ̀ l'Ékòó níbí, lásìkò tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ń múra láti kó iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó fẹ́ di tíṣà á wọlé, á fa bébà kan yọ nínú báàgì, á ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ṣe PowerPoint. Sláìdì mẹ́wàá ni wọ́n ní ká ṣe. Bí ewé ṣe ń ṣe oúnjẹ ni àkòrí ẹ̀.” Bọ̀ọ̀dá tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ò ní bi í ní ìbéèrè kankan ju ìgbà tó fẹ́ gbà á. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti wá àwòrán ewé, ó ti fi ọfà pupa sí i, ó ti ṣe é kí ọ̀rọ̀ máa fò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà á sanwó, á gba fíláàṣì rẹ̀, ó di ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n á fún un ní máàkì tó dáa. Ẹni tó ni máàkì ọ̀hún gan-an ṣì wà ní Ifákọ̀, ó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó fún oníbàárà mìíràn.

Èmi ò bá ọmọ náà wí. Kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ sì ń dúró de iná. Olùkọ́ tó fún wọn níṣẹ́ yìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sláìdì ló ní kí wọ́n mú wá nítorí pé sláìdì ò ṣòro láti máàkì: ó pé mẹ́wàá, ó ní àwòrán, ó parí. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yìí bá lọ ṣe TP (teaching practice, ìdánrawò ìkọ́ni) ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kétu tàbí Ìkòsì, kó má retí projector. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì, ariwo kọ́ńdọ́ dánfó lójú títì, àti àwọn ọmọ tó fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ni yóò bá níbẹ̀. Sláìdì á wà nínú fíláàṣì, fíláàṣì á wà nínú báàgì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí ò gùn. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí a lè fi kọ́ ẹni tó fẹ́ di olùkọ́, èyí tó wúlò jù ti wà lápò rẹ̀ tipẹ́, a ò kàn kọ́ ọ bí yóò ṣe fi kọ́ṣẹ́ ni. Kámẹ́rà fóònù ni. Mi ò sọ ti fọ́tò òde àríyá o. Kó gbé fóònù kalẹ̀, kó kọ́ni níwájú ẹ̀, kó jókòó wo ara rẹ̀, kó wá tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Kò sẹ́ni tó ka NCE tàbí B.Ed. láti di olùkọ́ nílẹ̀ yìí tí kò mọ microteaching. Yunifásítì Stanford ní Kalifọ́níà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963, nígbà tí Dwight Allen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀nà tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà yóò fi mọwọ́ iṣẹ́ náà kó tó dojú kọ kíláàsì ńlá. Wọ́n dín gbogbo ẹ̀ kù: ìṣẹ́jú 5 sí 10, ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọgbọ́n ìkọ́ni kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Lónìí, bí a ṣe ń bèèrè ìbéèrè. Lọ́la, bí a ṣe ń ṣí ẹ̀kọ́ wọlé. Ẹ̀rọ tó ń ká fídíò sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà yẹn ni, wọ́n sì gbé e síbi tó ti lè rí tíṣà. Tó bá kọ́ni tán, á wo ara ẹ̀, wọ́n á jọ sọ ọ́, á wá tún un kọ́ fún àwọn ọmọ mìíràn. Àtúnkọ́ yẹn ni ẹ̀mí gbogbo ètò náà.

Nígbà tó fi máa di tiwa, eré ló kù nínú ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó ń kọ́ni á dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àgbà ọkùnrin tó nírùngbọ̀n á sọ ara ẹ̀ di ọmọ Pírámárì 4, wọ́n á dìde gbà-á, wọ́n á ní “Good morning, Aunty!” Ọ̀gá á jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú bébà máàkì. Ìbéèrè tí gbogbo wọn ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n á bèèrè, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá gbà á. Ẹlòmíràn ló kàn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní yàrá tí wọ́n ti ń ya fídíò wà lóòótọ́, mi ò ní wọn ò sí. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, kámẹ́rà tó bí microteaching ti já sílẹ̀ lọ́nà, àtúnkọ́ náà sì tẹ̀ lé e.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń múra TP, mo ní kó jẹ́ ká dán an wò. Ìdajì àti ìdá mẹ́rin ló fẹ́ kọ́. Ó kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ọsàn àti ọ̀bẹ síwájú, ó fi fóònù ti agolo mílíìkì lórí fèrèsé. Nígbà tó kọ́kọ́ wo fídíò náà, ohùn ara ẹ̀ ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé gèlè òun wọ́ báyìí. Ìgbà tó tún un wò ló dákẹ́. Ó gbọ́ bó ṣe bèèrè pé, “Ta ló lè sọ fún mi, ìdá mẹ́rin mélòó ló wà nínú odidi ọsàn kan?” Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé “Mẹ́rin!” Àwọn ọmọ gbè é: “Mẹ́rin!” Inú ẹ̀ ti ń dùn pé ó yé wọn. Ó tún rí i pé nígbà tóun ń kọ nǹkan sí pátákó, ẹ̀yìn òun ló bo gbogbo ohun tóun ń kọ. Lápá òsì, ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́, nawọ́, ọwọ́ ro ó, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. “Háà, ọmọ yìí nawọ́! Mi ò rí i rárá.” Kò sí ọ̀gá tó bá a wí. Òun fúnra ẹ̀ ló ní ká padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè yẹn tiẹ̀ ní ìtàn. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, gbọ́ ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ó rí i pé tí tíṣà bá ti bèèrè nǹkan, kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó dáhùn fúnra rẹ̀ tàbí kó pe ẹlòmíràn. Ìgbà tí wọ́n kọ́ wọn láti dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò sí owó kankan nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún tíṣà èyíkéyìí pé kì í dúró tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó ríjà. Ẹ jẹ́ kí fóònù sọ fún un.

Ẹ̀kọ́ gidi wà nínú èyí o, kì í ṣe ká kàn tẹ bọ́tìnnì pupa. Ibo lẹ máa gbé fóònù sí? Tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá wà lẹ́yìn tíṣà, òjìji ẹ̀ nìkan lẹ ó rí. Ẹ fi fóònù sí flight mode, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpè kan á wọlé á ba ẹ̀kọ́ jẹ́ láàárín. Ẹ dín bí fídíò ṣe tóbi kù, kó má gba gbogbo àyè inú fóònù. Ohùn ló le jù: ní Èkó yìí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á borí tíṣà. Ọgbọ́n tí mo rí tó dáa jù ni kí tíṣà yá fóònù kejì, kó fi ká ohùn, kó sì fi í sápò bùbá. Gbogbo èyí ò gba dátà kankan, kò sì gba iná ju èyí tó wà nínú bátìrì lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá mọ èyí ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìmọ́lẹ̀, ohùn àti fáìlì. Tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà fún un lọ́la, kò ní wárìrì.

Ojú àwọn ọmọ wá ńkọ́? Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ò fàyè gba kẹ́ ẹ máa lo ìsọfúnni ọmọdé bó ṣe wù yín láìgbàṣẹ òbí. Mo ti rí tíṣà tó ń gbé ọmọ tí kò mọ ìwé kà sórí TikTok kí aráyé lè rẹ́rìn-ín. Ìwà ìkà nìyẹn, mi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pè é. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí kámẹ́rà kọjú sí tíṣà: ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ ni yóò hàn, tí wọ́n bá sì ti wò ó tán, kí wọ́n pa á rẹ́.

Kì í ṣe pé ìjọba ò gbé ẹ̀rọ wá fún ilé-ẹ̀kọ́ rí nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959, ara ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ni pé yóò ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ní 2013, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà ìgbà náà, gbé tablet Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ l'Ọ́ṣun fún àwọn ọmọ girama àgbà, ìwé àti ìbéèrè ìdánwò WAEC kún inú ẹ̀. Ọdún 2020 ni ètò EKOEXCEL bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba l'Ékòó, wọ́n fún tíṣà ní tablet tí wọ́n ti kọ ẹ̀kọ́ sínú ẹ̀ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Wọ́n sì dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀, ká sọ tòótọ́. Síbẹ̀, tíṣà tó ti máa ń wo ara rẹ̀ á mọ ibi tó yẹ kóun ti gbójú kúrò lára tablet yẹn, kóun wo ọmọ tó ń nawọ́. Èyí tí kò wo ara rẹ̀ rí á kà á lọ bí ẹni ń ka ìròyìn.

Bákan náà ni ti AI tó gbòde. Lẹ́sìn nóòtì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń fi ChatGPT kọ báyìí, ó sì ń kọ ọ́ dáadáa, àfi ìgbà tó bá ní kí tíṣà kó ọmọ Mile 12 lọ wo yìnyín níta. Ní 2024, nílùú Benin, Báńkì Àgbáyé dán AI wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú àwọn ọmọ girama lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn sì gòkè. Àwọn tó ń ròyìn ẹ̀ kì í rántí sọ pé tíṣà wà nínú yàrá náà, tó ń tọ́ wọn sọ́nà.

Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn tó ń kọ́ tíṣà: LASUED, yunifásítì olùkọ́ni ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Ìjanikin àti Nọ́fọ́rìjà dá sílẹ̀ ní 2022, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ìjọba àpapọ̀ FCE(T) Akọ́ka, tó ti wà láti 1967, àti Unilag tó múlé gbè é. Ẹ fi sláìdì mẹ́wàá yẹn sílẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú fídíò méjì wá kó tó lọ ṣe TP, ẹ̀kọ́ kan náà, èyí tó kọ́kọ́ kọ́ àti èyí tó tún kọ́, pẹ̀lú ojú ìwé kan tó ti sọ ohun tó yí padà àti ìdí rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ láàárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ máàkì. Bọ̀ọ̀dá Ifákọ̀ ò lè bá a ṣe ìyẹn.

Mo ti ń gbọ́ èsì: akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ jù, ta ló máa wo gbogbo fídíò yẹn? Ẹ pín wọn sí márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n jọ wo èyí àkọ́kọ́ láàárín ara wọn. Ìkejì nìkan, pẹ̀lú ojú ìwé tó sọ ohun tó yí padà, ló máa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá tó bá ní òun ò ráyè wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbi tí ọmọ òun ti ń kọ́ni, ẹ bá mi bi í, kí ló ti ń máàkì látẹ̀yìnwá?