Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹfà Ju Eéje Lọ: Èrò Wa Lórí Pókà Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Ta

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa láti ọjọ́ mélòó kan. A rò pé ó yẹ ká sọ èrò tiwa síta, kó má baà di ohun tí à ń sọ lẹ́yìn ara wa.

Gbogbo wa la mọ̀ pé tí òtútù Jos bá ti mú báyìí, àwọn ọ̀dọ́ wa kì í tètè wọlé. Wọ́n á jókòó sọ́dọ̀ mai shayi, wọ́n á máa mu tíì, wọ́n á máa ta káàdì. Nígbà kan, Whot ni. Ní báyìí, pókà tí wọ́n kọ́ lórí fóònù ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, oníṣòwò tó ti ní ìyàwó àtọmọ, kó àjọ ní ọjọ́ Sátidé, ó sì mú ₦40,000 nínú rẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, owó ti tán. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú síta, àwọn àgbà kan ní ká lé gbogbo ẹni tó bá ń ta káàdì kúrò nínú ẹgbẹ́.

A ò sọ pé tẹ́tẹ́ dára o. Ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ ọ́, mọ́ṣáláṣí kọ̀ ọ́, owó àjọ kì í sì í ṣe owó eré. Ibẹ̀ la dúró sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lé ẹnikẹ́ni, a pe ọmọ náà jókòó, a ní kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó sọ ló mú wa kọ èyí, torí pé kì í ṣe orí burúkú ló kó owó yẹn lọ. Ìtìjú ni.

Fún àwa tí a ò mọ pókà: káàdì 52 ló wà níbẹ̀. Wọ́n á fún kálukú ní méjì, ìwọ nìkan lo máa rí tìẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí márùn-ún sáàárín fún gbogbo èèyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan tẹ̀ lé e, ọ̀kan sì kẹ́yìn. Nínú méje yìí, ẹni tí márùn-ún tiẹ̀ bá dára jù ló kó owó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí ẹyọ kan rárá, owó ti ń wọlé. O lè ju káàdì rẹ sílẹ̀, o lè san iye tí ẹni tó ṣáájú san, o sì lè gbé owó náà sókè, èyí tí wọ́n ń pè ní raise. Èyí tí àwọn ọmọ wa ń ta ò ní òpin: nígbàkígbà, èèyàn lè ti gbogbo owó tó wà níwájú rẹ̀ sáàárín.

Ẹ wo ayò tí àwọn bàbá wa ń ta. Ọmọ ayò 48 ló wà nínú ihò 12, gbogbo rẹ̀ la sì ń rí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ló máa jẹ́ ọ̀ta. Pókà ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ò rí ló máa na ọ́.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tó ti ń ju káàdì sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Kò sọ̀rọ̀, tíì rẹ̀ ló ń mu. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpín yẹn, nígbà tí gbogbo àwọn yòókù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀: ó gbé owó sí ₦2,000. Wọ́n ń ju káàdì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan ọmọ wa. Ace àti Queen ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó san ₦2,000.

A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, Ace àti Queen mà ni! Ṣé kí n jẹ́ kó fi mí ṣe ọ̀dẹ̀ lójú gbogbo èèyàn ni?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì lè gbà jáde nínú 52. Ẹni tó ń ṣọ́ra bíi ti ọkùnrin yẹn, tó wá gbé owó sókè lójú gbogbo èèyàn, kí ló lè mú dání? Ace méjì, King méjì, Queen méjì, tàbí Ace pẹ̀lú King. Gbogbo ìyẹn ò ju 34 lọ nínú 1,326, kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Níwọ̀n ìgbà tí Ace kan àti Queen kan ti wà lọ́wọ́ ọmọ wa, ó ku 24: Ace méjì lọ́nà 3, Queen méjì lọ́nà 3, King méjì lọ́nà 6, Ace pẹ̀lú King lọ́nà 12. Ẹ bá wa wá ẹyọ kan ṣoṣo nínú 24 yìí tí Ace àti Queen fi jù ú lọ. Kò sí. Tí wọ́n bá ṣí márùn-ún tán, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló máa rí i jẹ.

Èyí tó wá burú jù ni pé ìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn jù ló máa pàdánù jù. Wọ́n ṣí mẹ́ta: Queen, 7, 3. Inú ọmọ wa dùn. Ọkùnrin yẹn tún fi ₦3,000 sílẹ̀, ọmọ wa san án. Wọ́n ṣí ìkẹrin, ọmọ wa ti ₦35,000 tó kù sáàárín. Ọkùnrin yẹn san án, ó sì ṣí King méjì. Ká ní Queen yẹn ò jáde ni, ₦2,000 péré ni ì bá bá a lọ. Ká sì ní Ace ló jáde, tí ẹnìkejì mú Ace àti King, ẹjọ́ kan náà ni: King á tẹ Queen mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ.

Ará Amẹ́ríkà kan, David Sklansky, tó ti kọ ìwé púpọ̀ lórí pókà, ti ṣàlàyé èyí: káàdì tó tó fi gbé owó sókè lè má tó fi san owó tí ẹlòmíràn gbé sókè. Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ gbé e, gbogbo wọn lè jù ú sílẹ̀ fún ọ. Àmọ́ tí ẹlòmíràn bá ti gbé e ṣáájú rẹ, ó ti sọ nǹkan fún ọ, ó yẹ kó o gbọ́.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá yàn? Ace méjì tàbí King méjì, fi kún owó náà. Queen méjì tàbí Ace pẹ̀lú King, o lè bá a lọ, ṣùgbọ́n la ojú rẹ. Káàdì méjì tó jọra àmọ́ tó kéré, bíi 7 méjì, ìrètí rẹ̀ ni kí ìkẹta wọn jáde nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn ò sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Má san án àfi tí owó tó wà níwájú ẹ̀yin méjèèjì bá tó ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ohun tó o fẹ́ san. Ace àti Queen, Ace àti Jack, King àti Queen, jù wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó gbé owó o. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń gbé owó ní gbogbo ìgbà ni, tàbí ẹni tó kù díẹ̀ kó kẹ́yìn, ohun tó lè mú dání pọ̀, Ace àti Queen á tún wúlò.

Àwọn kan á ní à ń kọ́ ọmọ ní tẹ́tẹ́. Rárá o. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n ta. Jíjù ú sílẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Ẹni tó bá sì ń ta á bó ṣe yẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú káàdì rẹ̀ ló máa jù sílẹ̀, òtútù á mú un, á sì gba ilé lọ.

Ibo lọmọ yẹn tiẹ̀ ti kọ́ ìtìjú? Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Tí lágbájá bá pa màlúù méjì níbi òkú ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwa náà á yáwó láti pa mẹ́ta. Tí wọ́n bá mú aṣọ ẹbí tó wọ́n wá, a ò lè sọ pé agbára wa ò gbé e, ojú á tì wá. Ace àti Queen là ń san yẹn. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọjà Terminus jó ní 2002, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa gbà pé ó ti bàjẹ́, wọ́n kó ìwọ̀nba tó kù, wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ojo. Akọni tó mọ ogun-ún jà tí kò mọ ogun-ún sá ni í bá ogun lọ.

Nítorí náà, èrò wa nìyí. Ká má lé ọmọ kankan, ibi tí wọn ò ti mọ̀ wá ni wọ́n máa lọ tí a bá lé wọn. Kí olórí àjọ máa jẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó ẹni tó fẹ́ kó àjọ mọ ọjọ́ tó máa kó o. Ẹni tó bá máa ta káàdì, kó má kọjá owó tíì àti súyà. Ní ti owó ilé ìwé, kí ẹgbẹ́ yá ọmọ wa, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ò ní jókòó sílé nítorí ìtìjú bàbá rẹ̀.

Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀, kó sọ ọ́, kò sí ìjà níbẹ̀. Ká ṣáà má fi ọjọ́ kan ṣoṣo na owó ọdún. Olódùmarè á bá wa ṣọ́ ilé, á ṣọ́ ọjà, ìlú Jos á tòrò fún gbogbo wa. Àṣẹ.