Kí Ọlọ́jà Orógbó Má Sọ Ara Rẹ̀ Di Dókítà

Ẹni tó bá ń ta orógbó àti atalẹ̀ pupa l'Òkè Àrin, l'Erékùṣù Èkó, mọ̀ pé ẹnu ni wọ́n fi ń tajà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ gbé mì, bó tilẹ̀ lè mú owó wọlé: pé ọjà òun ń dáàbò bo ọkàn ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí o. Doxorubicin, oògùn pupa tí wọ́n ń fà sára aláìsàn jẹjẹrẹ, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1974, ń pa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè ba sẹ́ẹ̀lì ọkàn jẹ́. Bí èyí téèyàn gbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti lo kolaviron, èròjà inú orógbó, fún àwọn eku tí wọ́n fún ní doxorubicin, wọ́n sì rí i pé ó dín ìpalára ọkàn wọn kù.

Àmọ́ eku kì í ṣe èèyàn, èròjà tí wọ́n yọ tí wọ́n sì wọ̀n kì í sì í ṣe orógbó téèyàn rún lẹ́nu. Fítámì E náà ṣe dáadáa lára ẹranko. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára èèyàn, kò gba ọkàn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe retí. Dexrazoxane ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí lọ́dún 1995, dókítà ló sì ń fún aláìsàn. Ewé àti egbò mìíràn tilẹ̀ lè dí oògùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní àgbo ti wà kí òyìnbó tó dé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò po àgbo mọ́ doxorubicin.

Òfin náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá di ọjà sínú ike, tó kọ ọ́ sí i lára pé ó ń wo àìsàn, gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC kó tó tà á, kó sì gba àṣẹ kó tó polówó rẹ̀.

Láti ọdún 2019 ni ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti wà n'Ídí-Àràbà, nítorí náà, ìbátan irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè yà sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ọlọ́jà ta orógbó tó mọ́, tí kò ju, kó má sì rẹ́ oníbàárà jẹ. Lẹ́yìn náà, kó sọ pé: "Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó fún wọn jẹ." Ó lè pàdánù owó ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ara rẹ̀ bá yá ló ń padà wá rajà.