Ìrẹsì Kọ́ Ni Iṣẹ́ Aṣòfin

Olóòtú,

Mi ò ní fi ìkíni gba àyè yín, nítorí inú ló ń bí mi. Wọ́n ti tún dé. Àwọn tó fẹ́ dupò lọ́dún 2027 ti tún ń wọ àdúgbò wa pẹ̀lú ìrẹsì, fìlà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ̀yin náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn wá bá wa níbi ìpàdé àdúgbò níhìn-ín ní Igbó-Elérin. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó ló ní òun ń lọ. Wọ́n ní ká tètè dé, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pa, bẹ́ẹ̀ aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà. Oòrùn ti kan àtàrí kí ọkùnrin náà tó yọjú. Onílù ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn ọmọ tó wọ fìlà rẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹni tó ń darí ètò wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: ọmọ wa ni, èèyàn wa ni, kì í ṣe àlejò. Nígbà tó fi máa sọ̀rọ̀ tirẹ̀, ohun tó kà sílẹ̀ fún wa ni bọ́ọ̀hòlù, tíránsífọ́mà, owó fọ́ọ̀mù JAMB àti ìrẹsì fún àwọn opó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Mo nawọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ aṣòfin ni kó ṣòfin, kó yẹ ètò ìṣúná wò, kó sì bi gómìnà léèrè ohun tó fi owó ìlú ṣe. Reluwé tí wọ́n ní yóò dé Okokomaiko, Mile 2 la ṣì ń lọ bá a. Tí ètò ìṣúná bá dé iwájú yín, kí lẹ máa sọ nípa rẹ̀?"

Ó wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni yẹn ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ yẹn ti ga jù fún òní. Ohun tí ará ìlú ń fẹ́ la wá sọ." Kí n tó lanu, ọmọkùnrin kan ti gbé ọ̀rá ìrẹsì lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n gbà á, kí n má bínú. Èyí tó wá dùn mí jù ni tàwọn aládùúgbò mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ìyá aránṣọ, ẹ jẹ́ ká gba tiwa jàre. Ṣé reluwé lẹ máa sè lálẹ́ ni?"

Olóòtú, mo mọ̀ pé ebi ń pa èèyàn. Àmọ́ ṣé ọ̀rọ̀ reluwé yẹn kì í ṣe ohun tí ará ìlú ń fẹ́? Ọdún 2009, nígbà ìjọba Gómìnà Fáṣọlá, ni wọ́n gbé iṣẹ́ títì Èkó sí Àgbádárìgì àti reluwé yẹn síta. Kìlómítà 27 ni ojú irin náà, láti Marina dé Okokomaiko. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Bùhárí wá ṣí kìlómítà 13 àkọ́kọ́, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, Mile 2 ló sì pin sí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ yóò pé ọmọ ọdún 18 ní 2027. Kí la fẹ́ sọ fún un? Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó ń ti ọ̀nà Mile 2 bọ̀, ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Kò sí aránṣọ gidi tó ń gé aṣọ láì wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ìlú ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀n: kí ló ń dùn wá níhìn-ín, ta ni òfin sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́? Lẹ́yìn náà ká wá wo ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbò, bóyá ó mọ iṣẹ́ ipò tó fẹ́. Gọ́tà, ọ̀nà àdúgbò, ọjà, gáréèjì, ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin 1999 kó wọn fún. A dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní July 12, 2025, káńsù 57 ló wà ní gbogbo Èkó. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì ti dájọ́ ní July 2024 pé tààrà ni kí owó wọn máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Tí aṣòfin bá wá ń ṣèlérí bọ́ọ̀hòlù, iṣẹ́ alága káńsù ló ń pín kiri. Alága á wá ríbi sá sí, aṣòfin náà ò ní ṣe tirẹ̀, àwa la ó máa fo adágún omi kọjá.

Nígbà kan, kò rí báyìí. Lọ́dún 1979, ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ UPN gbé síwájú ìlú: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n, tí wọn ò bá ṣe é, ìlú lè tọ́ka sí i. Ẹ wo ilé tí Jákàńdè, gómìnà UPN ní Èkó, kọ́ sí Ìbà. Ẹ wo Yunifásítì LASU tí òun náà dá sílẹ̀ lọ́dún 1983. Àwọn ará ibí ṣì ń jẹ àǹfààní wọn.

Nígbà tí Òfin Ìdìbò 2022 wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá fi ẹ̀bùn ra ìbò lè san ₦500,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Owó yẹn kéré jù! Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí àjọ elétò ìdìbò INEC yọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá pín ìrẹsì kúrò, kó má sì dupò mọ́ láyé rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ òṣèlú má sì ta fọ́ọ̀mù fún ẹni tí kò gbé ládùúgbò tó fẹ́ ṣojú fún, tí kò sì tíì fi oṣù kan wọ danfo láti Igbó-Elérin dé Mile 2 láàárọ̀.

Ti pósítà wọn náà wà ńbẹ̀ o. Wọ́n ti fi bo pátákó ṣọ́ọ̀bù mi, débi pé oníbàárà tuntun ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Owó mi ni mo fi kun pátákó yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi mí kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tó lẹ̀ ẹ́ mọ ṣọ́ọ̀bù mi dáadáa. Kí wọ́n padà wá ha á kúrò kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n sì gbé ọ̀dà dání.

Èmi ni,
Ìyá Aránṣọ,
Igbó-Elérin, Ọ̀jọ́, Èkó.